Àwọn Eku Abẹ́ Agbọ̀n

Ọjọ́ kejì tí wọ́n gbé ọ̀rẹ́ mi dé ọsibítù ni mo kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́ wò, mo sì ń lọ lójoojúmọ́ títí wọ́n fi dá a sílẹ̀ kó máa lọ sílé. Gbogbo ènìyàn rò pé ìfẹ́ ló ń gbé mi lọ. Ìyàwó rẹ̀ ń kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Àwọn aláìsàn tí ibùsùn wọn wà nítòsí ń sọ fún ara wọn pé irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ ti tán láyé. N kò já wọn ní koro. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ń wá lọ síbẹ̀, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń retí rẹ̀. Mo fẹ́ kí ó sọ ọ́ lójú ènìyàn pé èmi ni mo ni àwọn eku náà. Bí ó bá kú láìsọ ọ́, a jẹ́ pé ó mú mi jẹ láyé, ó sì mú mi jẹ dé ọ̀run.

Ìjòkú ní Ṣàgámù ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé tí òwò obì gbànja ti ń bọ́ gbogbo wa. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìyá mi tí kò ní fèrèsé rárá. Ibẹ̀ ni agbọ̀n obì máa ń wà, tí wọ́n fi ewé gbòdògì tẹ́ nínú, tí wọ́n sì fi ewé mìíràn bò lórí. Bí o bá wọlé láti ìta, ojú rẹ kò ní rí nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Imú rẹ ni yóò kọ́kọ́ mọ ibi tí o wà. Òórùn obì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó èèpo rẹ̀ kúrò, tútù, tí ó korò díẹ̀ nínú ọ̀fun. Mo ti gbé ìlú púpọ̀, n kò tún gbóòórùn rẹ̀ níbòmíràn. Ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ilẹ̀kùn yàrá yẹn sílẹ̀ gbayawu. Á ní, “Obì tó bá rí oòrùn ti rí ikú. Ta ló ń pa obì mi níbẹ̀ yẹn?” A ó sì sáré lọ tì í. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ó máa ń tú agbọ̀n, yóò ṣa èyí tí kòkòrò ti mú, yóò pààrọ̀ ewé, yóò sì tún un dì. Àwọn obìnrin olóbì tó kù ní àmì tiwọn. Ti ìyá mi jẹ́ òwú pupa tí ó máa ń ta ní kókó mẹ́ta mọ́ etí agbọ̀n. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ti mọ kókó náà ta.

Nígbà tí mo wọ yunifásítì, àwa méjì péré ni a wá láti Rẹ́mọ nínú kíláàsì wa. Ọmọ àlùfáà ìjọ ni èkejì mi, Ìkẹ́nnẹ́ ni ilé wọn. A jọ ń gbé yàrá kan. Tí omi bá wọ́n, ó máa ń fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún mi láti fi ṣe àlùwàlá. Tí Kérésìmesì bá ń bọ̀, mo máa ń bá a lọ jókòó síbi tí wọ́n ti ń kọrin, nítorí ohùn rẹ̀ dára, ó sì fẹ́ kí ẹnì kan láti ilé wà níbẹ̀ tí yóò gbọ́ ọ. Èdè Rẹ́mọ la máa ń sọ láàárín ara wa, kí àwọn ará Ìbàdàn tí wọ́n wà nínú yàrá kejì má baà gbọ́ ohun tí a ń sọ nípa wọn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Kí n tètè kọ ìyẹn sílẹ̀ kí inú tó tún bí mi.

Ní ọdún tí a fẹ́ jáde, wọ́n ní kí olúkúlùkù wa ṣe ìwádìí kan. Ọ̀rọ̀ páńkíríásì ni olùkọ́ wa àgbà ń lé kiri nígbà náà. Ẹ̀yà ara kan ni, ó gùn pẹlẹbẹ bí ahọ́n màlúù kékeré, ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn àpò oúnjẹ. Òun ló ń ṣe omi tí ń fọ́ ọ̀rá àti ẹran tí a bá jẹ. Bí ó bá ṣàìsàn, omi náà á yí padà mọ́ ọn, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òun fúnra rẹ̀. Á wú, á pọ́n, á sì gbóná. Olùkọ́ wa mọ abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n lè fún eku ìwádìí inú lábù tí páńkíríásì rẹ̀ yóò fi wú bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wa ni kí á wá ohun tí ó lè mú un rọ̀ tàbí tí ó lè mú un le sí i. Oúnjẹ ọlọ́ràá ni èmi mú. Ọ̀rẹ́ mi mú gbòǹgbò igi kan tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń sè fún inú rírun.

Ilé eku wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, yàrá tóóró kan. Nítorí ejò, ọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ kì í pa iná. Gílóòbù ńlá kan ń tàn lókè níbẹ̀ tọ̀sán tòru, àwọn àgò tèmi ló sì bọ́ sí abẹ́ rẹ̀ gan-an. Mo ń wo àwọn eku náà. Wọ́n á máa ti orí bọ abẹ́ ikùn ara wọn láti wá òkùnkùn díẹ̀, àwọn tó wà lábẹ́ náà á tú jáde, wọ́n á tún máa wá abẹ́ ẹlòmíràn. Kò sí èyí tó mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti ṣú tàbí ó ti mọ́. Mo wá rántí yàrá ìyá mi. Nígbà tí mo lọ sílé, mo gbé àlòkù agbọ̀n obì méjì bọ̀ tòun ti ewé. Tí oòrùn bá ti wọ̀, mo máa ń fi wọ́n bo ìdajì àwọn àgò mi. Láàárọ̀ kùtùkùtù, mo máa ń ṣí wọn. N kò lè pe ìyẹn ní ọgbọ́n ìwé. Bí a ṣe tọ́ mi ni: ohun tó bá jẹ́ ẹlẹ́mìí tàbí ohun jíjẹ, a kì í fi í sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tí kì í sinmi. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, àgò tí mo bò àti àgò tí n kò bò.

Ọjọ́ tí a la inú wọn, ọ̀rẹ́ mi ló dúró tì mí. Nínú àwọn eku tí mo fi sílẹ̀ fún gílóòbù, páńkíríásì wọn wú, ó pọ́n, omi yí i ká, nǹkan funfun kéékèèké sì wà lára ọ̀rá ibẹ̀ bí èérí ọṣẹ tí ń kù sínú bàsíà. Nínú àwọn tó sùn lábẹ́ agbọ̀n, ó rọ̀, ó sì funfun díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn o, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ, abẹ́rẹ́ kan náà ni wọ́n gbà.

Ọ̀rẹ́ mi tẹ orí wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ní, “Kí lo ṣe fún àwọn wọ̀nyí?”

Mo ní, “Mo jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú fún wọn ni.”

Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn tirẹ̀ tó fún ní omi gbòǹgbò, a ti là wọ́n ní àná ọjọ́ náà. Gbogbo wọn ló pọ́n bí ata rodo.

Mo gé páńkíríásì àwọn eku abẹ́ agbọ̀n, mo ta òwú pupa mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kókó mẹ́ta, mo sì fi wọ́n sínú ìgò oògùn tí kì í jẹ́ kí nǹkan rà.

Ọjọ́ kẹta, olùkọ́ àgbà wọlé tọ̀ wá nínú kíláàsì, agbọ̀n ìyá mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ta ló ni èyí?”

“Èmi ni, sà.”

“Kí ni?”

“Agbọ̀n ni, sà.”

“Mo mọ̀ pé agbọ̀n ni, èmi náà ní ìyá. Kí ló ń ṣe lórí eku mi?”

“Mo fi ń ṣíji bò wọ́n ni, sà. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ti pọ̀ jù fún wọn.”

“Ṣé obì ni wọ́n?”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ó fa ewé kan yọ, ó gbé e sókè kí gbogbo ènìyàn rí i, ó ní kí wọ́n wo oògùn tí ọmọ yunifásítì ń lò. Ó ní mo ti ba iṣẹ́ mi jẹ́, pé òun kò ní ka ẹyọ kan nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Olóbì Eku. Títí di òní, tí mo bá pàdé ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó kù láyé nínú wọn, ohun tí wọ́n fi ń kí mi nìyẹn.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni mo máa ń ṣí agbọ̀n yẹn, kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo sì máa ń gbé e pamọ́ sẹ́yìn àpótí. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀, ọ̀rẹ́ mi tó dúró tì mí lọ́jọ́ tí a la inú wọn.

Mo lè dárí èyí jì í. Lóòótọ́ ni mo sọ, mo lè rò pé ó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dìde níwájú àwọn olùkọ́ láti ṣàlàyé iṣẹ́ gbòǹgbò rẹ̀, ó sì to ìgò mélòó kan sórí tábìlì. Ó ní páńkíríásì àwọn eku tó mu omi gbòǹgbò nìyí, kí wọ́n wo bí ó ṣe rọ̀, kí wọ́n wo bí ó ṣe funfun. Mo na ọrùn. Òwú pupa wà nínú ìgò náà, kókó mẹ́ta mẹ́ta. Kò tilẹ̀ rántí tú u.

Mo na ọwọ́ sókè. Olùkọ́ àgbà kò jẹ́ kí n la ẹnu. Ó ní, “Olóbì, jókòó.” Ọ̀rẹ́ mi kọjú sí fèrèsé.

Nígbà tí a dé yàrá, mo dì í lọ́rùn ẹ̀wù mú. Kò bá mi jà. Ohun tó sọ ni pé, “Ìwọ rò pé wọ́n á gba ti agbọ̀n gbọ́? Ó kúkú ti bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ṣé kí á jọ pàdánù ni?” Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi òye yé ọmọdé. Mo tú ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀.

Gbòǹgbò yẹn gbé e dé òkè òkun. Ó di dókítà ńlá. Èmi gba ìwé ẹ̀rí onípò kẹta, mo padà sílé, mo sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní bàólọ́jì fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. N kò sọ pé iṣẹ́ burúkú ni. Àwọn tí mo kọ́ ń dọ̀bálẹ̀ kí mi ní Ìpẹ̀rú àti ní Ògèrè. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ya àwòrán páńkíríásì sójú pátákó, mo máa ń pa á rẹ́ kí àwọn ọmọ tó yà á tán.

Ọ̀rẹ́ mi ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sí Ìkẹ́nnẹ́, ọjọ́ ogbó sì tún kó wa pọ̀. Èwo ni kí a ṣe? Àwọn tó mọ wá ní ọmọ ogún ọdún ti ń kú lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń wá sílé mi, èmi náà máa ń lọ sí tirẹ̀, a ó ta ayò, a ó sọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ tó ti kú. Kò dá ọ̀rọ̀ eku sílẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n tí ilé ìwé bá pè é láti bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀, ìtàn gbòǹgbò ló máa ń sọ. Mo ti jókòó gbọ́ ọ nígbà mẹ́rin. Mo pàtẹ́wọ́ nígbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Lọ́jọ́ kan, mo ń ka nǹkan lórí fóònù mi, mo bá ọ̀rọ̀ kan pàdé. Wọ́n ń pè é ní mẹlatónínì. Inú ọpọlọ ni ó ti ń jáde. Tí ilẹ̀ bá ṣú, a máa tú jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá mọ́ ojú, a máa dáwọ́ dúró. Òun ló ń sọ fún ara pé àkókò ìsinmi ti tó. Ohun tí wọ́n wá rí nínú eku nìyí: mẹlatónínì a máa gbèjà páńkíríásì. Bí wọ́n bá fún eku tí páńkíríásì rẹ̀ fẹ́ wú, wíwú náà kì í le tó bẹ́ẹ̀, omi kì í pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn ohun tí ń jó ara láti inú sì ń dínkù. Mo kà á, mo tún un kà. Mo jókòó sínú àga mi, mo ń rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi. Ìyá mi tí kò mọ ìwé kà ti mọ̀ pé kí á ti ilẹ̀kùn. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ní Ṣàgámù, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún mi sórí bébà, mo sì fi í sínú fáìlì. N kò fi han ẹnikẹ́ni. Mo ń dúró de ọjọ́ rẹ̀ ni.

Ọjọ́ náà dé ní àkókò òjò tó kọjá. Òkúta kékeré kan já bọ́ láti inú àpò òróòro ọ̀rẹ́ mi, ó dí ọ̀nà, páńkíríásì rẹ̀ sì wú. Ìyàwó rẹ̀ ló pè mí pé inú ń run ún débi tí ó fi ń ké bí ọmọdé, pé ilé ìwòsàn kan lọ́nà Ògèrè ni àwọn wà. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní páńkíríásì ni.”

Mo ní, “Páńkíríásì kẹ̀?” Mo sì fi fóònù sílẹ̀ lọ wá fáìlì mi.

Aláìsàn mẹ́fà ló wà nínú yàrá náà. Iná funfun gígùn kan wà lókè ibùsùn rẹ̀, wọn kì í pa á, nítorí àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ máa rí omi tí ń kán sínú iṣan àwọn aláìsàn. Wọn kò fún un ní oúnjẹ, omi nìkan, láti apá. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ibẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé inú ríro náà ti ń rọlẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n kò rí oorun sùn, pé iná yẹn ń gún un lójú.

Mo gbé ojú sókè wo iná náà. Inú mi dùn. Mo mọ ohun tí mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ lè bínú sí mi bí ẹ bá fẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó rẹ̀ lọ ra nǹkan. Mo fa àga mi sún mọ́ ọn, mo yọ bébà mi, mo sì kà á sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dijú. Mo rò pé ó ti sùn. Nígbà tí mo kà á tán, ó ní, “Mo ti kà á.”

“Nígbà wo?”

“Ó ti pẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá.”

Mo ká bébà náà. “O kà á, o sì ń bá mi ta ayò?”

“Kí ni kí n ṣe? Kí n wá máa sunkún sí ọ lọ́rùn?” Ó mí kanlẹ̀. “Kí lo fẹ́?”

“Kí o sọ ọ́.”

“Mo sọ ọ́. Ìwọ lo ni wọ́n. Ó tán.”

“Níbí yìí kọ́. Èmi kọ́ ni wàá sọ ọ́ fún. Lójú ènìyàn ni wọ́n ti fi mí ṣẹ̀sín. Bí o bá dìde níbí, wàá ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ, mo mọ̀ yín. Ibẹ̀ ni wàá ti sọ ọ́.”

“Bí mo bá wá kú ńkọ́?”

“A jẹ́ pé o tún rẹ́ mi jẹ nìyẹn. Nítorí náà, má kú.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó dùn ún níkùn, ó di ikùn mú. “Ìkà ni ọ́, ìwọ Mùsùlùmí yìí.”

“Ìwọ lo kọ́ mi, ọmọ àlùfáà. Ṣé wàá sọ ọ́?”

“Màá sọ ọ́. Pa iná yìí fún mi.”

Mo dìde. Mo bọ́ fìlà mi, mo ṣẹ́ ẹ po, mo sì fi í bò ó lójú. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì, mo bẹ̀ ẹ́ títí tí wọ́n fi yí ibùsùn rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan tí iná kò ti mọ́lẹ̀ púpọ̀, tí wọ́n sì fi aṣọ ta bò ó. Mo fi bébà mi han dókítà kékeré tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fara balẹ̀ kà á, ó ní, “Bàbá, ẹ ṣeun. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nínú ẹran ni wọ́n ti rí i jù. Ti ènìyàn kò tíì dájú, a kò tíì máa fi í wo àìsàn yìí. Ṣùgbọ́n kí wọ́n rí oorun sùn, ìyẹn kò lè burú.” Mo sọ fún un pé ohun tí bébà náà sọ gan-an nìyẹn, àti pé mo ti kọ́ àwọn ọmọ irú tirẹ̀ ní bàólọ́jì. Ó pè mí ní sà.

Ọ̀rẹ́ mi sùn láti ọ̀sán ọjọ́ yẹn títí di àṣálẹ́. N kò ní sọ pé òkùnkùn ló wò ó sàn. Omi inú apá rẹ̀ ni, àti bí wọ́n ṣe gba ẹnu rẹ̀ lọ́wọ́ oúnjẹ, àti oògùn ìrora. Nígbà tó yá, wọ́n yọ àpò òróòro náà. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń lọ yẹ aṣọ yẹn wò bóyá ẹnì kan ti ṣí i. Mo ń bẹ Ọlọ́run fún un nínú ìrun mi, pẹ̀lú omijé, pé kí ó jọ̀ọ́ má ṣe kú. N kò gbàdúrà tó bẹ́ẹ̀ fún ara mi rí.

Ìdúpẹ́ náà bọ́ sí ọjọ́ Àìkú kan tí oòrùn mú. Mo wọ agbádá funfun mi, mo gba Ìkẹ́nnẹ́ lọ, mo sì jókòó sí ìlà kejì. Wọ́n kí mi káàbọ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún àwọn tó wà nítòsí pé èmi ni ọ̀rẹ́ tí kò fi ọkọ òun sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn tíṣà àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀, àwọn dókítà, àwọn tó ti gbọ́ ìtàn gbòǹgbò láti kékeré.

Wọ́n pè é síwájú. Ó ti rù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó àti ọmọ, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà. Ó ní, “Mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Olóbì Eku.” Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé, ó fẹ́ padà sí ààyè rẹ̀.

Mo dìde dúró.

Mo dúró sí àárín àwọn tó jókòó, mo sì ń wò ó. Ẹnì kan fà mí láṣọ, ó ní, “Alájì, kò tíì tó àkókò ọrẹ o.” N kò wo ẹ̀yìn. Olórí ìjọ wo èmi, ó wo òun. Ẹ̀rín kú díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi di orí pákó ìwàásù mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bí ẹni tí ọkọ̀ ń mì.

Ó ní, “Ó ku ọ̀rọ̀ kan.” Ó wo ibi tí mo dúró sí. “Àwọn eku tí mo fi gba ìwé mi, tí mo fi dé òkè òkun, kì í ṣe tèmi. Ti ọkùnrin tó dúró yẹn ni. Èmi ni mo lọ sọ nípa rẹ̀ fún olùkọ́ wa. Mo sì kó ìgò rẹ̀.”

“Eku kẹ̀?” ni ẹnì kan sọ lẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n obìnrin tíṣà kan wà ní ìlà iwájú, arúgbó bíi tiwa, tí ó ti máa ń pè é wá sí ilé ìwé rẹ̀ lọ́dọọdún. Òun dìde, ó ní, “Dókítà, gbòǹgbò tí ẹ sọ fún àwọn ọmọ mi ńkọ́? Ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?”

Ó ní, “Kò ṣiṣẹ́ rí, mà.”

Ìyàwó rẹ̀ tẹ orí ba. Ibẹ̀ ni mo ti jókòó. Mo ti máa ń rò pé tí mo bá gbọ́ ọ, n ó sunkún tàbí kí àánú rẹ̀ ṣe mí. Àánú kò ṣe mí. Ó dùn mọ́ mi títí dé egungun. Mo wo ojú àwọn ènìyàn yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí i bí wọ́n ṣe ń tún ìtàn náà tò nínú orí wọn, tí wọ́n ń gbé e kúrò lórí rẹ̀, tí wọ́n ń gbé e sórí mi.

Nígbà tí a jáde, ìyàwó rẹ̀ wá bá mi níbi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀. Kò kúnlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìgbà tí ẹ ń bọ̀ ní ọsibítù yẹn, ohun tí ẹ wá ń wá nìyí?”

“Òun ni.”

“Mo ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n máa wò yín ṣe àwòkọ́ṣe.”

“Kí wọ́n má wò mí mọ́, ìyàwó. Ṣùgbọ́n ó yè.”

“Ó yè. Ẹ ṣeun. Ẹ má wá sílé wa mọ́.” Ó sì lọ bá àwọn àlejò rẹ̀.

Ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí. Ẹnikẹ́ni kò wá ta ayò. Mo ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án, tí nǹkan kan bá sọ sí mi lọ́kàn nípa ayé ìgbà yẹn, orúkọ ìnagijẹ olùkọ́ kan, tàbí orin tí a ń kọ tí omi bá tán nínú ẹ̀rọ, kò sí ẹni tí n ó bi pé ṣé bó ṣe rí nìyẹn. Òun nìkan ló kù nítòsí tó mọ̀ mí nígbà tí irun mi ṣì dúdú, mo sì ti gba ẹ̀san lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé, fóònù dún. Òun ni. Kò kí mi.

Ó ní, “Ṣé inú rẹ ti wá dùn?”

Mo ní, “Ó dùn.”

“Gan-an?”

“Gan-an ni. Tí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe lọ́la, n ó tún un ṣe.”

Ó ní, “Mo rò bẹ́ẹ̀.”

Kò pa fóònù. Èmi náà kò pa á. Mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí, mo sì ń gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń bi í láti inú ilé pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó dá a lóhùn pé kò sí ẹnì kan, kò sì pa fóònù síbẹ̀.